Christiaan Eijkman àti Àwọn Adìyẹ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ ti rí adìyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò lè dìde nílẹ̀ rí? Bí irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ bá wà ní agbolé yín, àwọn àgbà lè ní kí a tètè gbé e kúrò láàrin àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí ó rí irú adìyẹ bẹ́ẹ̀, tí kò gbé e sọnù. Ó ń ṣọ́ ọ lójoojúmọ́, ó sì ń wá ìdí àìsàn rẹ̀. Ohun tí ó rí lára adìyẹ yìí ni ó la ọ̀nà sí ìmọ̀ tí ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn là. Orúkọ ọkùnrin náà ni Christiaan Eijkman. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ kà nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1858 ni a bí Christiaan Eijkman ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Nijkerk, ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ní ilẹ̀ Yúróòpù. Òun ni ọmọ keje tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Christiaan tó bí ọmọ ọdún kan, wọ́n fi bàbá rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tuntun kan ní ìlú Zaandam, gbogbo ẹbí sì kó lọ síbẹ̀. Ilé-ìwé bàbá rẹ̀ yìí ni òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ti kọ́kọ́ kàwé. Ẹ̀yin tí òbí yín jẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé kò sí àyè ìmẹ́lẹ́ fún ọmọ olùkọ́!

Ní ọdún 1875, Eijkman wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti àwọn ológun ní ìlú Amsterdam. Ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ ni yóò máa ṣe dókítà fún àwọn ọmọ ogun. Ó tẹra mọ́ ìwé rẹ̀ gan-an, ó sì gba oyè dókítà pẹ̀lú ìyìn ní ọdún 1883. Ní ọdún yìí kan náà ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù kan ní ilẹ̀ Éṣíà. Àwọn ará Nẹ́dálándì ni wọ́n ń ṣe ìjọba lé àwọn erékùṣù náà lórí nígbà náà. Ibẹ̀ ni a ń pè ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà lónìí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ibà gbé Eijkman dè. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ kò fi lè gbà á mọ́, ó sì padà sílé ní ọdún 1885. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ kú. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ sí i. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ mú òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lọ sí ìlú Bẹ̀lín, ní ilẹ̀ Jámánì, láti kọ́ ẹ̀kọ́ sí i lọ́dọ̀ ọ̀mọ̀wé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Koch.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí Koch jẹ́. Òun ni ó rí kòkòrò tí ó ń fa àrùn ikọ́ ife ní ọdún 1882. Kòkòrò yìí kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, àfi bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Àwọn irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kòkòrò àìfojúrí. Nígbà tí àwọn dókítà gbọ́ ohun tí Koch ṣe, inú wọn dùn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí àrùn kan tí kì í ṣe kòkòrò ni ó ń fà á. Bí àrùn bá ti mú ènìyàn, kòkòrò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá.

Ní àkókò yìí, àrùn burúkú kan ń jà ní erékùṣù Jáfà àti ní agbègbè rẹ̀. Bẹríbẹrí ni orúkọ àrùn náà. Bí ó bá mú ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa wúwo, yóò sì dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, kò ní lè dá rìn mọ́. Ara ẹlòmíràn a sì máa wú. Bí àrùn náà bá dé ọkàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Àwọn ọmọ ogun, àwọn atukọ̀ àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tí ó ń pa jù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di ẹtì, ìjọba Nẹ́dálándì rán ọ̀mọ̀wé méjì, Pekelharing àti Winkler, lọ sí Jáfà ní ọdún 1886 láti lọ wá ìdí àrùn náà. Eijkman bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò. Wọ́n rò pé àwọn ti rí kòkòrò tí ó ń fa bẹríbẹrí. Ní ọdún 1887, àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì padà sílé, ṣùgbọ́n Eijkman dúró. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1888, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé àyẹ̀wò kékeré kan tí ó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn àwọn ológun ní ìlú Batavia. Ìlú yìí ni a ń pè ní Jakarta lónìí. Òun ni ó tún ń ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Jáfà ní iṣẹ́ ìṣègùn.

Eijkman kó adìyẹ jọ sínú ọgbà náà. Ó mú ohun tí ó gbà lára àwọn tí bẹríbẹrí ń bá jà, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un sí ara díẹ̀ nínú àwọn adìyẹ náà. Kò gún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Ó ń retí pé àwọn tí òun gún ní abẹ́rẹ́ yóò ṣàìsàn, àti pé ara àwọn yòókù yóò le. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Gbogbo adìyẹ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, èyí tí a gún àti èyí tí a kò gún! Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń ṣubú, wọn kò lè bà lórí igi mọ́, díẹ̀díẹ̀ wọn kò sì lè mí dáadáa mọ́. Ìṣe àìsàn náà jọ ti bẹríbẹrí gidigidi.

Ó rò pé bóyá kòkòrò ni ó fò láti ara àwọn kan sí ara àwọn yòókù. Ó wá kó adìyẹ mìíràn lọ sí ibi tí ó jìnnà. Àwọn náà tún ṣàìsàn. Ó wo ẹ̀jẹ̀ wọn títí, kò rí kòkòrò tí ó lè sọ pé òun ni ó fà á. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tí ó tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀. Àìsàn náà dáwọ́ dúró lójijì. Àwọn adìyẹ tí kò tíì kú bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Kò sí adìyẹ tuntun tí ó tún ṣàìsàn mọ́. Eijkman kò sì tíì fún wọn ní oògùn kankan.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá jẹ́ Eijkman, kí ni ẹ ó ṣe? Ẹlòmíràn ìbá kàn dúpẹ́ pé àìsàn ti lọ. Eijkman kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ohun tí ó yí padà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó jáde. Ẹni tí ń tọ́jú àwọn adìyẹ náà ti ń gba ìrẹsì sísè tí ó ṣẹ́ kù ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn, kí owó oúnjẹ adìyẹ má baà pọ̀. Láti oṣù kẹfà títí di òpin oṣù kọkànlá ni ó ti ń fún wọn ní ìrẹsì yìí. Ìrẹsì funfun báláú ni. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ alásè, alásè tuntun kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní fi ìrẹsì àwọn ológun bọ́ adìyẹ tí kì í ṣe ti ológun. Nítorí náà, ìrẹsì olówó pọ́ọ́kú tí awọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ni wọ́n tún ń rà fún àwọn adìyẹ náà. Láti ìgbà náà ni ara wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Eijkman ti ń wá ìdí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, inú abọ́ oúnjẹ ni ó sì wà.

Ṣùgbọ́n kò kánjú. Ó mọ̀ pé bí nǹkan méjì bá ṣẹlẹ̀ papọ̀, èyí kò fi hàn pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Ó gbọ́dọ̀ dán an wò. Ó fún àwọn adìyẹ kan ní ìrẹsì funfun nìkan: láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ṣàìsàn. Ó fún àwọn mìíràn ní ìrẹsì tí a kò bó awọ rẹ̀: ara wọn le. Ó wá mú awọ ìrẹsì, ó fi kún oúnjẹ àwọn tí ń ṣàìsàn: ara wọn yá. Ó tún un ṣe léraléra, ohun kan náà ni ó ń rí.

Kí ni a ń pè ní awọ ìrẹsì? Bí a bá kórè ìrẹsì lóko, èèpo líle ni ó wà níta rẹ̀. Lábẹ́ èèpo yìí ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, tí ó máa ń pọ́n díẹ̀. Nígbà tí àwọn ará abúlé ní Jáfà ń fi odó gún ìrẹsì wọn, èèpo líle ni ó ń bọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ń kù lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìgbàlódé dé, ó ń bó èèpo, ó sì ń ha awọ náà dànù pẹ̀lú, títí ìrẹsì yóò fi funfun. Ìrẹsì funfun dùn-ún wò, ó sì ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọ ogun àti ẹlẹ́wọ̀n. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí ó ń gbé ara ró ni ẹ̀rọ ń ha dànù.

Ọ̀pọ̀ dókítà kò gba Eijkman gbọ́. Wọ́n ní adìyẹ kì í ṣe ènìyàn. Eijkman wá fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Dókítà Adolphe Vorderman, ẹni tí ó jẹ́ alábòójútó ètò ìlera ní Jáfà. Kì í ṣe irú ìrẹsì kan náà ni wọ́n ń jẹ ní gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n ibẹ̀. Vorderman kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1897, lẹ́yìn tí ó ti wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n 101. Ọgbà ẹ̀wọ̀n 37 ni wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì tí awọ rẹ̀ wà lára rẹ̀: ọ̀kan péré ni bẹríbẹrí wà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n 13 ni wọ́n ti ń po irú ìrẹsì méjèèjì pọ̀: bẹríbẹrí wà ní 6. Ọgbà ẹ̀wọ̀n 51 ni wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì funfun: bẹríbẹrí wà ní 36. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí wé ti àwọn adìyẹ, ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń tọ́ka sí.

Àmọ́, Eijkman pàápàá kò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán. Ó rò pé májèlé kan ni ó wà nínú ìrẹsì funfun, àti pé awọ ìrẹsì ni ó ń pa májèlé náà. Ní ọdún 1896, àìlera mú kí ó padà sí Nẹ́dálándì. Dókítà Gerrit Grijns ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe ní Batavia. Ní ọdún 1901, Grijns ṣàlàyé pé kò sí májèlé kankan. Ó ní ohun kan wà nínú awọ ìrẹsì tí ara kò lè ṣe aláìní. Bí ara kò bá rí i, àrùn dé nìyẹn. Nígbà tí ó yá, Eijkman fi èrò tirẹ̀ sílẹ̀, ó gba ti Grijns, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ti kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ohun tuntun ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ní gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn ti mọ̀ pé ohun burúkú tí ó wọ inú ara lè fa àrùn. Ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé àìsí ohun rere nínú ara lè fa àrùn pẹ̀lú. Ní ọdún 1912, ọ̀mọ̀wé Casimir Funk fún irú àwọn ohun rere bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó di fítámì lónìí. Ní ọdún 1926, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Jansen àti Donath, yọ fítámì inú awọ ìrẹsì náà sọ́tọ̀ ní Batavia. Òun ni à ń pè ní fítámì B1.

Láti ọdún 1898 ni Eijkman ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì ìlú Utrecht. Kò gbàgbé ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí. Ó ṣe ọ̀nà kan tí a lè fi mọ̀ bóyá ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti ẹranko ti ba omi mímu jẹ́. Ní ọdún 1929, wọ́n fún òun àti Frederick Hopkins ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ẹ̀bùn Nobel fún ìṣègùn. Ó ti darúgbó, àìsàn kò sì jẹ́ kí ó lè lọ gba ẹ̀bùn náà fúnra rẹ̀. Ó kú ní ìlú Utrecht ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 1930. Ní ọdún 1938, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé àyẹ̀wò tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Batavia.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà ayé Eijkman, ọ̀tá ni ọ̀pọ̀ dókítà ka kòkòrò àìfojúrí sí. Lónìí, a mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ wa, nítorí pé àwọn gan-an ni wọ́n ń ṣe fítámì. Ẹ wo fítámì B12. Kò sí ewéko tàbí ẹranko tí ó lè ṣe é fúnra rẹ̀, àfi àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí kò ṣeé fojú rí. Àwọn tí ń gbé inú ikùn màlúù ni wọ́n ń ṣe é fún màlúù, ibẹ̀ ni ó sì ti ń dé inú ẹran àti wàrà tí à ń jẹ. Ẹ tún wo irú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti se é tí wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò àìfojúrí ni ó ń sọ ọ́ di irú. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé fítámì B2 máa ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bí iṣẹ́ yìí ti ń lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe yínmú sí òórùn irú mọ́. Bí ẹ bá sì rí ìrẹsì ọ̀fàdà tí a kò ha awọ rẹ̀ dànù, ẹ má ṣe rò pé ìrẹsì òkèèrè tí ó funfun sàn jù ú lọ.

Ẹ rántí pé adìyẹ ni Eijkman fi ṣe olùkọ́. Bí ẹ bá rí ohun tí kò yé yín, ẹ má kọjá lára rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ béèrè, ẹ dán an wò. Bí ẹ bá sì rí i pé èrò yín kò tọ́, ẹ má ṣe tijú láti yí i padà.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀
Kòkòrò àìfojúrí: ohun ẹlẹ́mìí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i.
Ilé àyẹ̀wò: ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń dán nǹkan wò.
Fítámì: èròjà inú oúnjẹ tí ara nílò díẹ̀díẹ̀, tí àìsí rẹ̀ ń fa àrùn.
Atukọ̀: ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi.
Yínmú: láti fi imú àti ẹnu ṣe ẹ̀gàn nǹkan.

Ìbéèrè
1. Ìlú wo ni a ti bí Eijkman, ọdún wo sì ni?
2. Kí ni ó mú kí Eijkman padà sílé ní ọdún 1885?
3. Báwo ni àrùn bẹríbẹrí ṣe ń ṣe ẹni tí ó bá mú?
4. Kí ni alásè tuntun ṣe tí ara àwọn adìyẹ fi yá?
5. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìrẹsì tí a fi odó gún àti èyí tí a fi ẹ̀rọ bó?
6. Kí ni Grijns sọ tí ó yàtọ̀ sí èrò Eijkman?
7. Dárúkọ oúnjẹ ilé wa kan tí kòkòrò àìfojúrí ń bá wa ṣe.

Iṣẹ́ ṣíṣe
Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tàbí ìyá àgbà yín bí wọ́n ṣe ń ṣe irú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní kíláàsì.